Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Sọ Ìtàn Iná àti Epo Nàìjíríà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Kí iná ṣáà ti lọ ní Àkúrẹ́, ìtàn NEPA bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: lọ́dọ̀ bábà, ní ọ́fíìsì, nínú kíláàsì pàápàá. Ohun tó ń dùn mí ni pé àṣìṣe kan náà là ń gbà lẹ́nu ara wa, àwọn ọmọ wa sì ń kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn.

Ẹ má fi NEPA bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1972 ni NEPA dé, nígbà tí wọ́n pa ECN, àjọ iná ìjọba tó ti wà láti 1950, pọ̀ mọ́ àjọ tó kọ́ ìsédò sórí odò Ọya. Iná mọ̀nàmọ́ná ti wà ní Èkó láti 1896. Ní 1929 ni wọ́n dá NESCO sílẹ̀ lágbègbè Jos, ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń fi omi dá iná fún àwọn tó ń wa kùsà. Èédú ilẹ̀ Enugu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915, rélùwéè ló ń jẹ ẹ́ jù. Nígbà tí Kainji, ìsédò orí odò Ọya náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, omi ti bo ìlú Bussa àtijọ́, wọ́n ti kó àwọn ará ibẹ̀ lọ síbòmíràn, iná sì ń gba orí wáyà lọ sí Èkó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń dá agbára lọ́tọ̀, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi èyí sílẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Òkìtìpupa fi rí bó ṣe rí.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó kàn wá jù wà. “Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ wà nílẹ̀ wa, wọ́n wá jí iná wa gbé lọ!” Ìbínú náà tọ́. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀pọ̀ ibi ní Òkìtìpupa, Irèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò fi wà lókùnkùn, Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì dá iná, sì wà ní Òkìtìpupa kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní olè lásán, nítorí ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Iná tó ń jáde ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ ń bọ́ sórí wáyà 330,000 volt, apá kan kọjú sí Benin, apá kan kọjú sí Èkó. Kò sí ilé tó lè lò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 132,000, kí wọ́n tún sọ̀ ọ́ sí 33,000, lẹ́yìn náà 11,000, kó tó dé tíráńsífọ́mà àdúgbò tó máa sọ ọ́ di 230 tí fáànù ń lò. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá bàjẹ́, tàbí tí kò tilẹ̀ sí, abẹ́ wáyà gan-an lèèyàn á jókòó sí tí á máa tan láńtánì. Owó ta ni yóò kọ́ èyí tí kò sí? Ta ló yẹ kó tún èyí tó bàjẹ́ ṣe? Ohun tó yẹ ká máa bi wọ́n nìyẹn.

Ẹ má sì sọ pé Oloibiri ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó tó tà ní 1956. Ṣùgbọ́n ní 1908 ni ilé iṣẹ́ kan, Nigerian Bitumen Corporation, ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá epo lágbègbè Àgbábù, níbi tí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì (bitumen) ti máa ń sun jáde fúnra rẹ̀. Ogun àgbáyé kìíní ló dá iṣẹ́ náà dúró ní 1914. Ìpínlẹ̀ wa nìyẹn! Kí ló dé tí a ò kì í kọ́ ọmọ Oǹdó kankan ní èyí?

Igi ńkọ́? Ó máa ń ká mi lára tí wọ́n bá kọ ìtàn agbára láìdárúkọ igi àti èédú, bíi pé kí iná mọ̀nàmọ́ná tó dé, a kì í dáná. Títí di òní, igi ni ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà fi ń se oúnjẹ. Ẹ lọ wo àwọn ìyá tó ń yan gààrí ní abúlé ẹ̀yìn Oǹdó: igi lábẹ́ agbada, èéfín lójú, láti òwúrọ̀ dọ́sàn-án. Àwọn náà ń lo agbára, kò kàn sí mítà tó ń kà á ni.

Ní ti iye, ẹ má da ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe pọ̀ mọ́ ohun tó ń ṣe. Àwọn ẹ̀rọ Nàìjíríà tó bíi 13,000 mẹ́gáwáàtì lórí ìwé, àmọ́ nǹkan bí 4,000 sí 5,000 ló sábà máa ń dé orí wáyà, nítorí àìtó gáàsì àti wáyà tí kò lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra pẹ̀lú òfin. PHCN, ilé iṣẹ́ iná ìjọba mìíràn, ló rọ́pò NEPA ní 2005. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni wọ́n fa pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wáyà ńlá ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan ń sọ pé gbogbo gómìnà tó ti jẹ ní Àkúrẹ́ ló kọ̀ láti fún wa níná. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tún òfin ṣe ní 2023, ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò dé nìkan ni òfin gba ìpínlẹ̀ láyè láti dá iná kó sì pín in. Láti 2023 síhìn-ín, ààyè ti wà, ẹ sì lè di gómìnà tó bá wà lórí oyè mú.