Ẹ fún aṣọ, ẹ má fún eéwo

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ bọ́ọ̀lù ni èmi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa nírọ̀lẹ́. Ohun méjì ló ń gbé wọn wá bá mi jù: ẹsẹ̀ tó rọ́ àti eéwo. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ ń fẹ́ omi dídì, eéwo ń fẹ́ omi gbóná. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe èkejì á dá kún ìrora ọmọ náà ni.

Mo ti ṣe é lódì rí. Ọmọ kan ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mo gbé omi kaná, mo sì fi ìpara tó ń ta wọ́ ọ dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ náà kò wọ bàtà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ya sínú ibi tó rọ́. Ooru a máa mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì túbọ̀ ya. Omi dídì ló ń mú un sún kì, tí ìrora á fi rọlẹ̀.

Báyìí, omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi ni mò ń rà lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. N óò fi aṣọ wé e, torí omi dídì tó bá kan ara lásán lè bó ara bí iná. Ọmọ á gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, n óò gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15, kò ní ju 20 lọ. Bí wákàtí méjì bá kọjá, a tún un ṣe. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ilé ìwòsàn ló kàn.

Eéwo lọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Kòkòrò tó ń gbé lára awọ àti nínú imú wa ló ń gba ihò irun tàbí ojú ibi tó bó wọlé, tí ibẹ̀ á sì gba ọyún. Ooru ń fa ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀, ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Eéwo á tètè lójú, á sì tú fúnra rẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ kan dé pápá, kò lè jókòó. Eéwo ti sọ ọ́ lẹ́yìn itan, ó tó kóró àgbálùmọ̀, ó pọ́n, ó ń dán. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ báyìí: Ẹ fi ọsẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ da omi gbóná láti inú fúláàsì sínú abọ́, kí ẹ fi omi tútù là á. Ẹ fi inú ọrùn ọwọ́ yín tọ́ ọ wò. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ síbẹ̀, kò yẹ ara ọmọ. Ẹ ya aṣọ òwú tó mọ́, ẹ rì í, ẹ fún un, ẹ wá rọra gbé e lé eéwo náà. Bó bá ti ń tutù, ẹ tún un rì. Ẹ fi jó o fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Aṣọ ọ̀tọ̀ ni fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, omi gbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sí oòrùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú funfun yọ. Lọ́jọ́ kẹfà, ó tú sínú aṣọ. Ìyá rẹ̀ fi ọsẹ àti omi fọ ibẹ̀, ó fi gọ́ọ̀sì bò ó, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Mo fi abẹ́rẹ́ tí mo ti kì bọ iná tú eéwo ọmọ tèmi, mo sì fi àtàǹpàkò fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mẹ́ta mìíràn fi yọ yí i ká. Ó ń dùn mí dòní. Ẹ má sì tú kápúsù da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sójú egbò.

Èyí tó bá yọ láàárín imú àti ètè òkè, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lọ́nà tó dé ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni bí ibà bá dé, bí ìlà pupa bá ń sá kúrò nídìí rẹ̀, bó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí ẹni náà ní àtọ̀gbẹ tàbí tó jẹ́ ọmọ ọwọ́.

Làpálàpá kò gba omi gbóná rárá. Ìpara clotrimazole láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísíìtì ni kí ẹ fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ara gbẹ kí ẹ tó fi sí i, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tó bá ti pa rẹ́ lójú. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún un.

Ní pápá wa, tówẹ̀lì ẹnì kan kì í kan ara ẹlòmíì mọ́, ẹni tí eéwo rẹ̀ bá ṣì ń da ọyún kì í wọ inú eré. Ọmọ onítan yẹn ti ń bẹ̀ mí. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Sátidé, bí ojú rẹ̀ bá ti gbẹ.