Bí mo ṣe ta ilé mi ní Houston, tí mo kó sínú RV

Ẹni tó bá gbọ́ pé inú RV, ìyẹn mọ́tò tí wọ́n kọ́ ilé sínú rẹ̀, ni mò ń gbé báyìí, iye tí mo ra mọ́tò náà ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ríra mọ́tò ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àdírẹ́sì ló gba ìrònú, torí ẹni tó bá ra RV kó tó yanjú àdírẹ́sì rẹ̀, yóò sáré títí láàárín ọ́fíìsì ìjọba.

Nọ́ọ̀sì ni mí, nọ́ọ̀sì tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ilé ìwòsàn kan á gbà mí fún ọ̀sẹ̀ 13, bó bá parí, n óò wá ibòmíràn lọ. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, kálukú ti wà láyè ara rẹ̀. Ilé ṣófo, ṣùgbọ́n owó tó ń jẹ kò dín. Texas kì í gba owó orí lára owó oṣù ẹni, ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á, ó sì wúwo. Lẹ́yìn ìjì Harvey, tó mú kí omi ya wọ ilé rẹpẹtẹ ní Houston lóṣù kẹjọ ọdún 2017, ìnṣọ́ránsì ilé mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Mò ń san gbogbo èyí lórí ilé tí n kì í sùn nínú rẹ̀, mo tún ń háyà yàrá níbi tí iṣẹ́ bá gbé mi lọ. Mo jókòó ṣírò rẹ̀, mo sì pinnu.

Mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọ́n ní, "Àkànkẹ́, ṣé wọ́n lé ẹ jáde nílé ni?" Mo ní, "Rárá o, màámi, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ tà á." Wọ́n ní, "Ó dáa. Bí èèyàn bá wá fẹ́ kí ẹ, níbo ni ká júwe fún un?" N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yìí kan náà ni báńkì, ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, máa ń béèrè, kò sì sí èyí tó máa gbà kéèyàn má dáhùn.

Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni àwọn tó ń gbé inú RV máa ń fi ṣe ilé lójú òfin: Texas, Florida àti South Dakota. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kì í gba owó orí lára owó oṣù. Ní South Dakota, rìsíìtì ibi tí ẹ sùn mọ́jú lóru kan ṣoṣo nínú ìpínlẹ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń fún arìnrìn-àjò ní láísẹ́ǹsì mọ́tò. Èmi dúró sí Texas. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo RV kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Escapees, ní ìlú Livingston, ìrìn bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí àríwá Houston. Wọ́n máa ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní àdírẹ́sì, wọ́n á gba lẹ́tà rẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ síbikíbi tó bá wà. Kí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó gbà kí ẹlòmíràn máa gba lẹ́tà yín, ẹ gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù 1583, kí ẹ sì fọwọ́ sí i níwájú nótárì tàbí níwájú ẹni tí yóò máa gba lẹ́tà náà. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ta ilé, nígbà tí àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì wà lórí gbogbo ìwé yín.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí. Àdéhùn kan wà láàárín ìpínlẹ̀ tó lé ní 40, pé nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ lójú òfin bá wà nínú ọ̀kan, láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè mú un ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Texas, Florida àti South Dakota wà nínú rẹ̀. California kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé àdírẹ́sì yín lọ síbẹ̀, láísẹ́ǹsì oníbi-púpọ̀ yín ti bọ́ nìyẹn.

Ti owó orí tún wà. Àwọn tó ń gbà wá síṣẹ́ máa ń san owó ilé àti owó oúnjẹ lọ́tọ̀. Owó yẹn kì í ní owó orí bí ẹ bá ní ibùgbé gidi tí ẹ ń náwó lé lórí, tí iṣẹ́ sì gbé yín jìnnà sí i. Ẹni tí kò níbì kan pàtó tó ń gbé, tí kò sì níbi iṣẹ́ kan tó dúró sí, lójú IRS, ibi tó bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ilé rẹ̀, owó ilé àti owó oúnjẹ náà á sì di ohun tí a ń san owó orí lé. Àpótí lẹ́tà ní Livingston kò lè gbà yín lọ́wọ́ èyí. Ó dùn mí pé àwọn kan nínú wa ń gbọ́ òdìkejì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀rẹ́, wọ́n sì ń gbà á gbọ́. Èmi ní kí oníṣirò owó bá mi fi owó orí náà kún un, mo ṣì rí i pé RV sàn fún mi ju ilé òfìfo lọ. Ẹni tó bá jẹ́ pé green card ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin ní kó fi fọ́ọ̀mù AR-11 sọ fún ìjọba láàárín ọjọ́ 10 tó bá ti kó kúrò.

Ìgbà náà ni mo tó wá ọkọ̀. Àlòkù ni mo rà, irú RV tí wọ́n ń pè ní Class C, tí wọ́n kọ́ sórí mọ́tò Ford E-450. Láísẹ́ǹsì tí gbogbo wa fi ń wa mọ́tò lásán la fi ń wà á. Mo fi ọwọ́ tẹ gbogbo igun ògiri àti àjà, torí omi tó ń jò ló ń pa RV, ibi tó bá sì rọ̀ bíi búrẹ́dì tó rin, ẹ má rà á. Mo wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà RV sábà máa ń fi ọjọ́ orí gbó kó tó fi ìrìn gbó. Ìnṣọ́ránsì lásán kò sì tó fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀; ẹ béèrè èyí tó wà fún ẹni tó fi ọkọ̀ ṣe ilé.

Ẹrù títà kò gba àlàyé. Aṣọ òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin mi, àga àti bẹ́ẹ̀dì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fowó gbé e. Odó mi nìkan ló dùn mí. Òun ni mo fi ń gún iyán fún àwọn ọmọ láti kékeré, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ọba nínú RV. E-450 kò gbọ́dọ̀ wúwo ju 14,500 páùn lọ, pẹ̀lú èèyàn, gáàsì àti omi. Gálọ́ọ̀nù omi kan ju páùn mẹ́jọ lọ, 40 gálọ́ọ̀nù ti tó 330 páùn. Mo kó ẹrù tán, mo wa ọkọ̀ lọ sórí ìwọ̀n tí àwọn onítírélà ń lò létí ọ̀nà márosẹ̀, mo sì rí i kedere pé odó kò lè tẹ̀ lé mi.

Iná ọgbọ̀n ámúpù ni tèmi, ìyẹn 3,600 wáàtì. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ tún tan microwave, tí ẹ tún tan kẹ́túlù oníná, bírékà á já. Gáàsì ni mo fi ń se ọbẹ̀, mo máa ń ṣí fèrèsé bí irú bá wà nínú rẹ̀. Fíríìjì mi náà lè lo gáàsì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, kó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ammonia inú rẹ̀ lè ṣàn bó ṣe yẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹran á bàjẹ́, fíríìjì náà á sì tẹ̀ lé e.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù jù ni ṣáláńgá. Táńkì méjì ló wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ọ̀kan fún ilé ìgbẹ́, ọ̀kan fún omi ìwẹ̀ àti omi abọ́. Ẹ má ṣe ṣí ti ilé ìgbẹ́ sílẹ̀ kó máa ṣàn, kódà bí ẹ bá fi rọ́bà so ó mọ́ ojú ihò ìdọ̀tí níbi tí ẹ dúró sí. Omi á ṣàn lọ, ìgbẹ́ á ṣẹ́kù, á gan síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tú u, lẹ́yìn náà kí ẹ tú táńkì kejì kí omi ọṣẹ fọ rọ́bà náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ da omi tó pọ̀ díẹ̀ padà sí ti ilé ìgbẹ́ kí ẹ tó lò ó. Àwa tí a ti ṣe nọ́ọ̀sì ti rí ohun tó ju èyí lọ.

Òtútù ni mo ṣì ń sá fún. Páìpù omi abẹ́ ọkọ̀ lè dì kó sì bẹ́, nítorí náà n kì í gba iṣẹ́ ní àríwá láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Bí kọ́ńtíráàtì bá parí lásìkò yẹn, Quartzsite ní Arizona ni mo ń lọ. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní La Posa. Èèyàn máa ń sanwó láti máa gbé ibẹ̀ láti September 15 dé April 15. Omi wà, ibi tí a ti ń tú táńkì wà, ṣùgbọ́n iná kò sí, àfi kí sólà orí òrùlé yín tó. Lórí ilẹ̀ ìjọba tó kù láyìíká ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 péré ni wọ́n ń gbà kéèyàn dúró. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ mí wò níbẹ̀ láti Phoenix, I-10 ni kó gbà síhà ìwọ̀ oòrùn, ìrìn wákàtí méjì ni.