Bí ẹ bá ṣìnà pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, ẹ má sáré yà

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá ṣìnà tàbí tí wọ́n dínà mọ́ yín, ẹ má sáré kó sí ọ̀nà tóóró àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí. Ẹ máa bá títì ńlá lọ títí ẹ ó fi rí ráńdábáòtù tí ẹ ti lè ṣẹ́rí padà. Bọ́ọ̀sì gùn: bí iwájú bá ti ń yà, ìdí rẹ̀ á máa gbá síta, òun ló sì máa ń ha mọ́tò tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀nà mọ́tò kékeré ni Google Maps sì ń fi hàn. Kò mọ bí bọ́ọ̀sì yín ṣe ga tó. Ẹ tètè sọ fún èrò pé ẹ ti ṣìnà, torí bí ẹ bá dákẹ́, ọkàn wọn kò ní balẹ̀. Àmọ́ bí afárá tó relẹ̀ bá wà níwájú, ẹ dúró, ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹ pe ọ́fíìsì. Ẹ má rìn sẹ́yìn láìsí ẹni tó ń darí yín nílẹ̀.