Kí Ẹ Tó Yá Owó Ilé Àkọ́kọ́: Ẹ Kọ́kọ́ Bójú Tó Káàdì Àwìn àti Gbèsè Kéékèèké

Ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀, ahunṣọ àti oníṣòwò ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti agbègbè wọn

Díẹ̀díẹ̀ la fi ń kọ́lé ládùúgbò wa: lọ́dún yìí a ó da ìpìlẹ̀, lẹ́ẹ̀mí-ìn a ó ra búlọ́ọ̀kù, páànù ń bọ̀ nígbà tí Ọlọ́run bá ṣe é. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tó bá ń dá owó sí National Housing Fund (àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀), èyí tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀. Náírà 2.50 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lóṣù ni yóò máa dá. Bó bá ti dá a fún oṣù 6, ó lè béèrè ẹ̀yáwó ilé tí èlé rẹ̀ jẹ́ 6 nínú 100 lọ́dún, tí a sì lè fi ọdún tó tó 30 san. Federal Mortgage Bank ló ń bójú tó owó náà, àmọ́ báńkì ẹ̀yáwó ilé mìíràn la máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò náà lè forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan.

Èlé tó kéré báyìí ṣọ̀wọ́n lóde òní. Ohun tí kì í jẹ́ kó tẹ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ni àwọn gbèsè tí wọn kò kà sí gbèsè.

Bí gbèsè kékeré ṣe ń gé owó ilé kù

Ká ní olùkọ́ ẹni ọdún 30 kan ní Òmù-Àrán ń gba 180,000 náírà lóṣù. Báńkì kì í fẹ́ kí owó tí èèyàn ń san padà lóṣù ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ lọ. Ti olùkọ́ wa jẹ́ 60,000. Pẹ̀lú èlé 6 nínú 100 fún ọdún 30, 60,000 lóṣù lè gbé ẹ̀yáwó tó tó mílíọ̀nù 10.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ yìí ti yáwó lórí owó oṣù rẹ̀, ó ń san 25,000. Káàdì àwìn rẹ̀ (credit card, káàdì tó ń ná owó báńkì) ń gba 20,000. Ó ku 15,000, kò sì lè gbé ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 lọ. Fíríìjì, fóònù àti àgbò Ilẹ̀yá (Ilẹ̀yá tí kì í bá ẹnikẹ́ni lójijì!) ti jẹ mílíọ̀nù 7.5 kúrò nínú owó ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ gbogbo gbèsè náà lè má ju 500,000 lọ.

Ti ẹni ọdún 45 tún le jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀yáwó náà bá gbọ́dọ̀ tán kó tó pé 60, ọdún 15 ló ní, 60,000 kan náà kò sì ní gbé ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 lọ.

Káàdì àwìn

Káàdì ATM tó wà lápò ọ̀pọ̀ nínú wa, owó ara wa ló ń ná. Owó báńkì ni káàdì àwìn ń ná. Lóṣooṣù, báńkì á fi iye tẹ́ ẹ jẹ ránṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ san án àti iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè san. Ibi iye tó kéré jù yìí ni páńpẹ́ wà. Bí ẹ bá jẹ 200,000, tí èlé jẹ́ 3 nínú 100 lóṣù, tí báńkì sì ní kẹ́ ẹ san 20,000, 6,000 nínú rẹ̀ ti bá èlé lọ. 14,000 péré ló dín gbèsè kù. Bí ẹ bá tún fi káàdì ra ọjà 14,000 lóṣù yẹn, ojú kan náà lẹ ṣì wà.

Ẹ san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bí agbára kò bá gbé e, ẹ dáwọ́ rírajà pẹ̀lú rẹ̀ dúró ná, kẹ́ ẹ sì máa san ju iye tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san lọ. Ẹ má fi fa owó jáde lẹ́nu ATM. Èlé irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí káàdì bá jẹ́ méjì, èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san tán. Àwọn kan á ní gbèsè tó kéré jù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kí ọkàn lè balẹ̀. A ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbè wọ́n.

Nígbà tẹ́ ẹ bá san án tán, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ báńkì pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó.

Wọ́n ń wo àkọsílẹ̀ yín

Ẹni tí gbogbo Ọjà-Ọba mọ̀ sí olóòótọ́ lè ní àkọsílẹ̀ tí kò dára ní báńkì. Látìgbà tí BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì) ti dé ní ọdún 2014, nọ́ńbà kan la fi ń rí gbogbo àkáǹtì yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó yáwó àti bó ṣe san án. Òfin ọdún 2017 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ gbà á ní ọdún kan kẹ́ ẹ tó béèrè owó ilé, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Bí gbèsè tẹ́ ẹ ti san tàbí tí kì í ṣe tiyín bá wà níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì tó fi í síbẹ̀ àti sí ilé-iṣẹ́ tó tọ́jú rẹ̀, kẹ́ ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn.

Áàpù tó ń yáni lówó ló sábà máa ń ba àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò yọ gbèsè kúrò. Láti ọdún 2020 sì ni Báńkì Àpapọ̀ ti fàyè gba báńkì tí èèyàn jẹ lówó láti fa owó náà nínú àkáǹtì onítọ̀hún ní báńkì mìíràn.

Lọ́dún tẹ́ ẹ fẹ́ yáwó ilé, ẹ má gba ẹ̀yáwó tuntun, ẹ má sì fọwọ́ síwèé onídùúró fún ẹnikẹ́ni. A mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò ìyá ẹni. Ẹ ní báńkì ni kò jẹ́; ẹ ò purọ́.

Àgbẹ̀ àti oníṣòwò

Báńkì ò rí owó tó wà lọ́wọ́ alájọ. Owó kajú tó ń wọlé láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ẹ jẹ́ kó gba inú àkáǹtì kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa ná an lọ́la. Àsìkò yẹn náà ló dára jù láti pa gbèsè káàdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fẹ́ fọwọ́ kan èlé, báńkì aláìlélé bíi Jaiz àti TAJ wà, àmọ́ àwọn náà ń wo àkọsílẹ̀ gbèsè.

Ẹni tó ní àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, tí òun àti agbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ sì ti dá a fún oṣù 60, lè fi tó 25 nínú 100 rẹ̀ ṣe owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé. Ní ti ilẹ̀, ìwé tí mọ́lẹ́bí fọwọ́ sí nìkan kò tó fún báńkì. Bí ilẹ̀ yín kò bá tíì ní C of O (ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ilẹ̀), ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ní Ìlọrin nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń san gbèsè lọ́wọ́, torí pé àtìwé àti gbèsè, kò sí èyí tó ń tán lọ́sẹ̀ kan.