Tí Wọ́n Bá Pè Yín sí Sínágọ́gù: Bí Ẹ Ó Ṣe Ka Ìwé Ètò Wọn, àti Bí Ẹ Ó Ṣe Lọ

Ìwé ètò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Paris, tí Júù kan níbi iṣẹ́ wọn pè síbi ọdún, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ṣe é tán. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ àwọn Júù kì í bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ni.

Ilé ìdáná sínágọ́gù kan ní agbègbè 19 ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Paris kí n tó padà sílé, sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Aṣọ ni mò ń tà báyìí ní ọjà Wàǹdó, àwọn tó ń múra ìrìn àjò Faransé, tàbí ìyá wọn, sì máa ń yà sọ́dọ̀ mi wá béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, n kì í ṣe Júù. Ṣùgbọ́n mo bá wọn jẹ, mo bá wọn yọ̀, wọ́n sì dúró tì mí nígbà tí ìyá mi kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí ẹ lọ tí wọ́n bá pè yín, kí ẹ sì lọ bí ọmọlúàbí.

Oòrùn ni aago wọn

Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ìsinmi wọn, tí wọ́n ń pè ní Chabbat, ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ló ń wọlé. Alẹ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá ti yọ, ló ń jáde. Ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn tó wọ̀ ni ìyálé ilé ti ń tan àbẹ́là. Nítorí náà, tí ìwé ètò bá ní ọdún kan bọ́ sí ọjọ́ 12, alẹ́ ọjọ́ 11 ni kí ẹ múra. Bí àpẹẹrẹ, ọdún tuntun wọn, Roch Hachana, ní 2026: ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ni kàlẹ́ńdà yóò kọ, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ọjọ́ 11, ni wọ́n á ti máa kí ara wọn kú ọdún.

Nílé níbí, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Mùsùlùmí tó bá wà ládùúgbò yín: ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun Màgáríbì ní oṣù kọkànlá àti ìgbà tí wọ́n ń pè é ní oṣù keje, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Ní Paris, oòrùn oṣù kejìlá ti ń wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù; ti oṣù kẹfà, ó di ìgbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá kù díẹ̀. Aago tó wà lórí ìwé ètò a sì máa yí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe fi aago ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Nígbà ooru, àwọn ìjọ mìíràn tiẹ̀ máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ìsìn Ẹtì kí àwọn ọmọdé tó sùn, ìyẹn náà á wà lórí ìwé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó rí níbẹ̀ kò pọ̀. Kabbalat Chabbat ni ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, orin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ni mo sì máa ń ní kí àlejò fi bẹ̀rẹ̀. Chaharit ni ti àárọ̀, Minha ti ọ̀sán, Arvit ti alẹ́. Ti àárọ̀ Àbámẹ́ta gùn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka Tórà, ìwé Mósè márùn-ún, apá kan ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ọdún á fi yí po. Paracha ni wọ́n ń pe apá yẹn, orúkọ rẹ̀ a sì máa wà lókè ìwé ètò. Bíbélì Yorùbá yín tó o: ẹ ka ibẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ wá wá ìlà tí wọ́n kọ Kiddouch sí. Kiddouch ni wáìnì àti oúnjẹ tí gbogbo ìjọ ń jẹ lẹ́yìn ìsìn, orúkọ ìdílé tó gbé e kalẹ̀ a sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ìdílé kan bímọ, wọ́n gbé Kiddouch kalẹ̀. Òmíràn ń rántí bàbá wọn tó kú, wọ́n kọ hazkara síwájú orúkọ bàbá náà. Ẹ mọ orúkọ ìdílé yẹn kí ẹ tó wọlé, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ó kí kú oríire àti ẹni tí ẹ ó kí kú ìrántí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀ ìkíni wá, ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún èèyàn.

Lẹ́nu ọ̀nà

Láti oṣù kìíní 2015, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn èèyàn ní Paris, ìjọba ti kó ológun sẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ sínágọ́gù. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà a máa ṣọ́nà. Wọ́n á bi yín pé ta ló pè yín, wọ́n á wo inú àpò. Gbogbo ẹni tí wọn kò bá mọ̀ ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gbà á sí ìwọ̀sí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó pè yín ti fi orúkọ yín sílẹ̀ ṣáájú, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tàbí pásípọ́ọ̀tù dání, ẹ fi àpò ńlá sílé.

Ìrísí ilé náà kò ní ṣe ará Àjàṣẹ́ ní kàyéfì. Sínágọ́gù ńlá tó wà ní rue de la Victoire, èyí tí wọ́n parí ní 1874, ẹ ó rò pé kàtídírà ni; àwa tí àwọn Àgùdà sì kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá fún pẹ̀lú ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil, a ti mọ irú rẹ̀.

Fìlà yín, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó ṣí i. Níbẹ̀, orí òfo ni àrífín. Fìlà tí ẹ bá mú láti ilé dára, tí ẹ kò bá ní, kippa, fìlà kékeré wọn, wà nínú àwo lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà yín náà, ẹ má bọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ Sẹ̀lẹ́ pàápàá, tí ó ti mọ́ lára láti bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Obìnrin: ìró àti bùbá pé, apá bíbò, gèlè wíwé. Ẹ wé gèlè náà kékeré, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè ríran. Ní ọ̀pọ̀ sínágọ́gù tó wà ní Paris, obìnrin ń jókòó lọ́tọ̀, lókè tàbí lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ní ti àwọn tó ń pe ara wọn ní libéral, tọkọtaya lè jókòó pọ̀. Kí ọkùnrin má ṣe na ọwọ́ sí obìnrin, kí obìnrin má sì na ọwọ́ sí ọkùnrin, àyàfi tí ẹni yẹn bá kọ́kọ́ na tirẹ̀. Ìborùn funfun tó ní wajawaja, ti àwọn ni, kì í ṣe ti àlejò.

Inú ilé: nígbà tí wọ́n bá ṣí àpótí tó dojú kọ Jerúsálẹ́mù, gbogbo èèyàn á dìde, ẹ dìde. Wọ́n á gbé Tórà jáde. Awọ ẹran ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀, ọ̀pá fàdákà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìka kékeré ni wọ́n sì fi ń tọ ìlà tí wọ́n bá ń kà, kí ìka ènìyàn má bàa kàn án. Wọ́n á gbé e kọjá lọ́dọ̀ yín, àwọn èèyàn á nawọ́ sí i. Ẹ̀yin, ẹ kàn dúró. Ẹ ó rí ọmọdé tó ń sáré, ẹ ó gbọ́ àgbà tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín àdúrà. Kò burú lójú wọn.

Nípa owó

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti Paris, pé ọ̀gá òun pe òun síbi bar-mitsva ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó pé ọdún 13, pé eélòó ni kí òun ṣẹ́ láti fi ná ọmọ náà. Mo ní kò gbọdọ̀ ná an o! Àbámẹ́ta ni, wọn kì í fọwọ́ kan owó. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tó ń wá ń bẹ níbẹ̀. Láàárín àwọn tó wá láti Tùnísíà, Àlùjíríà àti Mòrókò, tí wọ́n pọ̀ ní Paris, bí ọmọ náà bá ti ka tirẹ̀ tán, àwọn obìnrin á ké igbe ayọ̀, wọ́n á máa ju súwíìtì lù ú láti òkè, àwọn ọmọdé á sì bẹ́ mọ́lẹ̀ láti ṣa á. Ẹ bá wọn jù ú. Ẹ̀bùn owó, lẹ́yìn Chabbat ni. Ìlọ́po 18 ni wọ́n máa ń fẹ́, torí 18 jẹ́ nọ́ńbà ìyè lọ́dọ̀ wọn: 36, 54, 180.

Ilé ìdáná

Ibí ni mo mọ̀ jù, ibí sì ni àlejò onínúure ti máa ń ṣì í. Ẹ má ṣe se oúnjẹ lọ sí sínágọ́gù. Bí ó ti wù kí ọwọ́ yín dùn tó, ìkòkò yín kò lè wọ ibẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ pàdé. Ìkòkò ẹran lọ́tọ̀, ti wàrà lọ́tọ̀. Ibi ìfọ̀wọ́ méjì, kànrìnkàn méjì, tépù pupa lára ti ẹran, tépù búlúù lára ti wàrà. Ọkùnrin kan wà tó ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀, chomer ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tan iná. Èmi tí mò ń se oúnjẹ kì í tan án. Tí mo bá fẹ́ fọ́ ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa fọ́ ọ sínú gíláàsì, màá wò ó yí ká bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí n tó dà á sínú àwo. Ewé sàláàdì, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó sì gbé ewé kọ̀ọ̀kan sókè sí iná láti wá kòkòrò tó fara pamọ́ sí ìṣẹ́po rẹ̀. Ọwọ́ ń ro ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹran tí wọn kò bá pa ní ìlànà wọn kì í wọlé. Ẹlẹ́dẹ̀, òkété, ìgbín, akàn, kò sí. Ẹja tí kò ní ìpẹ́ kò sí, nítorí náà àrọ̀ kò lọ. Edé pàápàá kò lọ, bẹ́ẹ̀ la ò sì mọ ọbẹ̀ tí a ń sè láìfi edé lọ́wọ́. Ohun tí ẹ lè mú lọ ni èso tí ẹ kò tíì gé. Ọ̀pẹ̀yìnbó ilẹ̀ wa, odindi, pẹ̀lú ewé orí rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní yọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé e dé ilé wọn kí oòrùn Ẹtì tó wọ̀.

Tí wọ́n bá pè yín sí oúnjẹ ọ̀sán Àbámẹ́ta, ẹ jẹ dafina. Torí pé wọn kì í dáná ní Chabbat, ọ̀sán Ẹtì la ti ń gbé e kaná: ẹran, ọ̀dùnkún, ẹ̀wà pois chiche, àlìkámà, àti odindi ẹyin pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Iná kékeré ló máa sùn lé lórí. Bí ẹ bá bó ẹyin náà lọ́jọ́ kejì, funfun inú rẹ̀ á ti di pupa rúsúrúsú, adùn ẹran á sì ti wọ̀ ọ́ dé àárín.

Èwo nínú ọdún wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ?

Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi oṣù kan kún un ní ìgbà méje láàárín ọdún 19, ìdí nìyẹn tí ọdún wọn kì í fi rìn yí ká àsìkò bí ààwẹ̀ Rámádàn.

Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ síbi Souccot, Àjọ Àgọ́. Àtíbàbà ni wọ́n ń pa sí àgbàlá sínágọ́gù, bí àwa náà ṣe ń fi imọ̀ ọ̀pẹ pa tiwa síwájú ilé níjọ́ ìnáwó. Òrùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ka tàbí ewé tí wọ́n gé, kí òjìji rẹ̀ ju oòrùn lọ, kí wọ́n sì lè máa rí ìràwọ̀ láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń jẹun, àlejò ló sì yẹ ibẹ̀ jù. Ní 2026, alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ mú wọn lọ sí Pourim: wọ́n á ka ìwé Ẹ́sítérì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé orúkọ Hámánì, àwọn ọmọ tó múra ní oríṣiríṣi á pariwo kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ orúkọ náà. Ní Ìrékọjá, búrẹ́dì àti bíà kò gbọdọ̀ bá yín wọlé, àkàrà aláìwú ni wọ́n ń jẹ. Kippour, Ọjọ́ Ètùtù, ni kí ẹ fi sí ìkẹyìn. Ààwẹ̀ wákàtí 25 ni, láìmu omi, àwọn tó ń gbà á kò sì ní agbára àtiṣàlàyé nǹkan fún àlejò. Tí ẹ bá lọ, ẹ dé ní ìparí, kí ẹ lè gbọ́ ìwo àgbò tí wọ́n ń fun.

Tí ó bá jẹ́ òkú ló kú fún wọn, ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n ń tètè sìnkú, kò sí aṣọ ẹbí. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń jókòó sílé lórí àga kúkúrú. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí ẹ bá mú lọ, ilé ìtajà cachère, tó ń ta oúnjẹ tó bá òfin wọn mu, ni kí ẹ ti rà á.

Ìkíni: Chabbat chalom láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, Chavoua tov tí Àbámẹ́ta bá ti ṣú, Hag saméah nígbà ọdún, Mazal tov fún oríire. Gbogbo ìbéèrè tí ẹ bá ní, ẹ bi ẹni tó pè yín ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ ní kó ya fọ́tò ìwé ètò ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ sí yín. Láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ó ti pa fóònù rẹ̀ nìyẹn. Tiyín náà, ẹ pa á kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má sì ya fọ́tò kankan nínú ilé; tí ẹ bá fẹ́ ní fọ́tò pẹ̀lú ọmọ bar-mitsva, alẹ́ Àbámẹ́ta, níbi ijó, ẹ ó yà á tẹ́ yín lọ́rùn.