Ẹ wo ìwé iṣẹ́ yín kí ẹ tó ṣe ófátáìmù

Ẹ̀yin ará Iléṣà tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ wò. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní wákàtí tó bá lé sí iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ófátáìmù ni. Ṣùgbọ́n òfin náà ò sọ iye tí wọn máa san. Àdéhùn yín ló máa sọ ọ́.

Nílé búrẹ́dì tí mo wà tẹ́lẹ̀, oṣù méjì ni mo fi ń ṣíwọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ọ̀gá á ní, "A máa rí i yanjú," àmọ́ kọ́bọ̀ ò wọlé. Ní báyìí, ìwé kékeré kan ò kúrò lápò mi: ọjọ́, aago tí mo dé, aago tí mo lọ, kí súpáfáísọ̀ sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ ò bá tíì gba ìwé iṣẹ́ yín, oṣù 3 péré lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lòfin fún àwọn tó gbà yín síṣẹ́ láti fún yín.