Bí mo ṣe tún logline eré mi kọ títí ó fi dúró

Prodúsà kan ló ní kí n fi logline eré tí mò ń kọ ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ọjọ́ Ajé la sọ ọ́. Mo ti kọ ojú ìwé 41 nínú eré náà, mo sì rò pé kíá ni màá rí gbólóhùn kan yọ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí, nínú yàrá mi l'Ákùúrẹ́ àti nínú mọ́tò tó ń lọ sí Oǹdó.

Logline ni gbólóhùn kan, ó pọ̀ tán méjì, tó ń sọ ẹni tí eré dá lé lórí, ohun tó dé bá a, ohun tó ń wá, àti ohun tó dínà mọ́ ọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n ń kọ sára pósítà o. Ìyẹn wà fún ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Logline wà fún ẹni tó máa náwó sí eré, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìtàn wà níbẹ̀ kó tó jókòó ka odidi ìwé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí: “Adéọlá padà sí Oǹdó lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì kojú oríṣiríṣi ìṣòro nínú òwò kòkó, nínú ìfẹ́ àti nínú ẹbí.” Ó dùn létí mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di àárọ̀, mo rí i pé kò sọ nǹkan kan. Ta ni Adéọlá? Orúkọ lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. “Oríṣiríṣi ìṣòro” náà, fíìmù wo ni kò sí?

Mo yọ orúkọ, mo fi iṣẹ́ rẹ̀ rọ́pò: akọ̀wé ilé kòkó, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní kí logline má ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 30 lọ. Mo gbìyànjú láti kà á bẹ́ẹ̀, mo sì pa á tì, nítorí pé Yorùbá wa ń kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. “Ó sì ti ń” nìkan ti di mẹ́rin. Èémí ni mo fi ń wọn tèmi. Bí mi ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kí n tó mí, ó ti gùn jù.

Lọ́jọ́rú, mo gbé èyí lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí à ń pè ní Màmá Oǹdó: “Akọ̀wé ilé kòkó kan rí i pé òṣùwọ̀n ọ̀gá òun ń jẹ kílò àwọn àgbẹ̀, ó sì fẹ́ tú àṣírí náà.” Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá fi ra kòkó. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó, mo sì fẹnu sọ ọ́ láìwo fóònù.

Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ṣé wọ́n dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni? Kó wáṣẹ́ síbòmíràn.”

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Bí ọmọ náà bá lè gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ láìpàdánù nǹkan kan, kí ni màá fi ojú ìwé tó kù ṣe?

“Tó bá jẹ́ bàbá ẹ̀ ló ni òṣùwọ̀n ńkọ́, mà?”

“Á bá a sọ ọ́ lálẹ́ nínú yàrá. Bàbá ẹ̀ kọ́?”

Mo wá bi wọ́n léèrè bí òṣùwọ̀n ṣe ń jẹ kílò gan-an, torí pé mo ti ń kọ ọ́ láìmọ̀ ọ́n dájú. Màmá fi ìka ya òbìrí kan sínú ẹ̀wà tó wà nínú atẹ, wọ́n sì fi ẹ̀wà kan ṣe òdo. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yóò ti wà lẹ́yìn òdo kí wọ́n tó gbé àpò kọ́ ọ. Wọ́n sún ẹ̀wà náà sẹ́yìn díẹ̀. “Àpò tó yẹ kó jẹ́ 64, ó di 61. Akọ̀wé á sì kọ 61 sílẹ̀.”

Akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀! Ibẹ̀ ni ojú mi là. Ojú ìwé 41 ni mo ti kọ, mi ò sì rí i pé ọmọ yìí ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irọ́ náà lójoojúmọ́.

Nínú mọ́tò tí mò ń bá bọ̀ l'Ákùúrẹ́ ni mo ti tẹ èyí sínú fóònù: “Akọ̀wé ilé kòkó kan l'Óǹdó rí i pé òṣùwọ̀n bàbá òun ń jẹ kílò àwọn àgbẹ̀. Ó fẹ́ tú àṣírí náà kí kòkó ọdún yìí tó wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun gan-an ló kọ ìwé tí yóò gbé bàbá rẹ̀ dé kóòtù.” Mo kọ́kọ́ fi “olódodo” kún akọ̀wé, mo tún yọ ọ́. Ìwé tó kọ ti sọ irú ẹni tó jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo pe Màmá, mo sọ ọ́ fún wọn. “Ó wá tú u?” Mi ò dáhùn, nítorí pé logline kì í sọ ìparí. Wọ́n tún pè mí lálẹ́ láti bèèrè.

Prodúsà ní kí n fi ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Nígbà tí mo ṣí ìwé náà, ojú ìwé 34 ni òṣùwọ̀n ti kọ́kọ́ fara hàn. Ojú ìwé kan ń lọ sí bí ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù, ẹ sì wo bó ṣe pẹ́ tó kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Mo gé ayẹyẹ ìkíni-káàbọ̀ ọmọ náà kúrò, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ, pẹ̀lú ìlù àti ìyáàfin tó ń sunkún ayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ìwé 9 ni àpò àkọ́kọ́ ń gorí òṣùwọ̀n báyìí.